Oorun Ni, àbí Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn?

Nígbà tí dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé ọmọ wa, ìbéèrè kan ni wọ́n kọ́kọ́ bi àwa tọkọtaya: ṣé oògùn oorun ni ká fún ìyá ọmọ, àbí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn? Ìyá àgbà kan nítòsí ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn máa ń rọ èèyàn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù bà wá. Àwa tá à ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ìtàn la sáré lọ kà.

Ní 1847, ní Edinburgh, James Young Simpson fi ether dín ìrora ìrọbí kù. Kí ọdún ọ̀hún tó parí, ó ti bọ́ sórí chloroform. Àmọ́ òyìnbó nìkan kọ́ ló ronú kan aboyún o. Ní 1879, ní Bunyoro ní ilẹ̀ Uganda òde òní, Robert Felkin rí oníṣègùn ìbílẹ̀ tó fún aboyún ní ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu kó tó la ikùn rẹ̀. Ọtí yẹn náà ló fi fọ ọwọ́. Ìyá yè, ọmọ yè.

Oorun ní ewu tiẹ̀. Ní 1946, Curtis Mendelson ní New York ṣàlàyé pé oúnjẹ àti omi kíkan inú aboyún tó sùn lè gòkè wá, kó sì gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká má jẹun ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ńkọ́? Ní Jámánì, ní 1898, August Bier fi kokéènì sínú omi tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká. Òun àti Hildebrandt, igbákejì rẹ̀, dán an wò lára àwọn fúnra wọn. Wọ́n fi òòlù lu ojúgun Hildebrandt, kò mọ̀ ọ́n lára! Àmọ́ orí fọ́ àwọn méjèèjì lẹ́yìn náà. Orí fífọ́ yẹn ṣì ń ṣe àwọn kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ti dín in kù.

Lédè iṣẹ́ wa, oorun dà bíi kéèyàn pa gbogbo kọ̀ǹpútà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ètò kan péré lèèyàn pa. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, tí kò sáyè ìdúró, oorun ló yá jù. Tí kò bá sí kánjúkánjú, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ló sábà máa ń dáa: ìfúnpá lè wálẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìyá ń mí fúnra rẹ̀, oògùn tó ń dé ara ọmọ kò sì tó nǹkan. Ẹsẹ̀ tó kú, wákàtí mélòó kan ni. Kó rọ pátápátá ṣọ̀wọ́n gan-an.

A fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Ìyá ọmọ gbọ́ igbe àkọ́kọ́. Ìyá àgbà yẹn náà ló sì kọ́kọ́ kí wa: "Ẹ kú ewu ọmọ!"