Síídì Tí Ó Kọṣẹ́: Ìtàn Fífi Windows Sórí Kọ̀ǹpútà ní Ṣágámù àti Agbègbè Rẹ̀

Láti ìparí àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ kan gbilẹ̀ ní àwọn ìlú ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà tí ó yẹ kí ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá fún ní àyè tirẹ̀, èyíinì ni iṣẹ́ àwọn tí ń fi ètò ìdarí sórí kọ̀ǹpútà láti inú síídì, tí wọ́n sì ń wádìí ohun tí ó fà á nígbà tí ètò náà bá kọ̀ láti wọlé. Ètò ìdarí, tí Windows ti ilé-iṣẹ́ Microsoft jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù, ni ó máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, òun ni ó sì ń darí kíbọ́ọ̀dù, ojú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti gbogbo ètò yòókù. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní i lè tàn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe.

Ìlú 13 ni wọ́n para pọ̀ di Ṣágámù ní nǹkan bí ọdún 1872, ní àkókò tí ogun ilẹ̀ Yorùbá mú kí àwọn ará Rẹ́mọ rí i pé inú ìṣọ̀kan ni ààbò wà. Láti ìgbà náà ni ipò tí Ṣágámù wà lójú ọ̀nà ti sọ ọ́ di ìlú òwò: ọ̀nà Ìkòròdú so ó pọ̀ mọ́ etí ọ̀sà, àwọn oníṣòwò Hausa sì fi Sábó ṣe ibùdó nítorí gbàǹja tí wọ́n ń rà lọ sí Òkè Ọya. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1978, ẹni tí ó bá jáde ní Ṣágámù láàárọ̀ lè ná ọjà ní Ìkẹjà kí ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìkẹjà yìí náà, ní òpópó Ọ̀tígbà àti àwọn òpópó tí ó yí i ká, ni ọjà kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Computer Village ti fìdí múlẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ìlú kéékèèké sì ń lọ ra ẹ̀rọ, ohun èlò àti síídì níbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wọ̀lú yìí kì í ṣe ohun tí ẹni tí ó bá ń tọpa ìtàn náà lè fojú fò, nítorí pé ọ̀pọ̀ àbùkù tí ń mú kí síídì kọṣẹ́ ni ó bá ẹ̀rọ àti síídì rìn láti ọ̀nà wá, tí kò sì sí nínú ètò náà bí àwọn tí ó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́.

Philips àti Sony ni wọ́n gbé síídì jáde fún orin ní ọdún 1982. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi rí i pé àwo kan náà lè gba mẹ́gábáìtì 650 ètò kọ̀ǹpútà, nígbà tí dísíkẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tí ó wà nínú ike, kò gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ. Ìṣòro kan wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò lè ka síídì àfi tí ètò kan bá kọ́kọ́ kọ́ ọ bí yóò ṣe kà á, ètò ìdarí tí ó ní ìmọ̀ yìí sì wà nínú síídì tí kò tíì lè kà. Nítorí ìdí èyí ni ẹni tí ó fẹ́ fi Windows 95, tí ó jáde ní ọjọ́ 24 Oṣù Kẹjọ ọdún 1995, sórí ẹ̀rọ òfìfo ṣe ní láti fi dísíkẹ́ẹ̀tì jí ẹ̀rọ náà ná. Ní ọdún 1995 yẹn kan náà ni Phoenix àti IBM gbé ìlànà El Torito kalẹ̀, èyí tí ó fún BIOS, ìyẹn ètò kékeré tí wọ́n ti kọ mọ́ pátákó inú kọ̀ǹpútà láti ilé-iṣẹ́, ní agbára láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti orí síídì. Nígbà tí Windows XP jáde ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹwàá ọdún 2001, ìlànà náà ti tàn ká, síídì kan ṣoṣo sì ti tó fún gbogbo iṣẹ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìwé ìlànà, ṣùgbọ́n tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó wọ Nàìjíríà ní àkókò náà, ìyẹn àlòkù láti ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa Èkó, nínú èyí tí wọ́n ti ṣírò pé kọ̀ntéénà bíi 500 tí ó kún fún irú ẹrù yìí ni ń gúnlẹ̀ lóṣooṣù, àti pé ohun tí kò ṣe é tà tí kò sì ṣe é tún ṣe nínú wọn lè tó ìdá 75 nínú 100. Èyí tí ó ṣe é lò nínú wọn náà kì í sábà pé. Bátìrì roboto orí pátákó, tí fóòtì rẹ̀ jẹ́ 3, lè ti kú kí ẹ̀rọ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun. BIOS tí bátìrì rẹ̀ bá sì ti kú a máa gbàgbé ọjọ́, a sì máa gbàgbé pé síídì ni wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo háàdì dísìkì, ibi tí ẹ̀rọ ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ pamọ́ sí. Oníbàárà yóò ní síídì kò dára, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ yíjú sí síídì ọ̀hún rárá. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé-iṣẹ́ òkè òkun tí ó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà fi ti BIOS ṣì wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè yí ètò padà. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, yíyọ bátìrì fún ìgbà díẹ̀ sábà máa ń pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ń tọ́jú tirẹ̀ síbi tí yíyọ bátìrì kò ti lè ràn án.

Síídì pàápàá ní àrùn tirẹ̀. Ẹ̀dà ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà, wọn a sì fi báírò kọ kíì, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 tí Windows XP ń béèrè, sára bébà tí wọ́n fi wé e. Ẹni tí ó bá kàn kó àwọn fáìlì inú síídì kan sínú òmíràn yóò ní síídì tí ó ṣe é ṣí, tí ó sì ṣe é kà, ṣùgbọ́n tí kò lè jí ẹ̀rọ, nítorí pé apá tí El Torito ń wá kò sí lára àwọn fáìlì tí ojú ń rí. Bákan náà ni ẹni tí ó gba ISO, ìyẹn odindi síídì tí wọ́n dì sínú fáìlì kan, tí ó sì kọ fáìlì náà sórí àwo bí ẹni tí ń kọ orin, kò tíì ṣe síídì ìdarí. Èyí tí wọ́n bá sì fi eré àsápajúdé kọ sórí àwo olówó pọ́ọ́kú lè jí ẹ̀rọ dáadáa, kí ó wá dákú ní ìdajì ọ̀nà.

Ìdákú ìdajì ọ̀nà yìí ni ó ń fi ọ̀gá hàn yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Windows XP yóò kéde pé òun kò lè kó fáìlì kan, yóò sì béèrè bóyá kí òun tún gbìyànjú tàbí kí òun fo fáìlì náà. Ẹni tí ó bá fò ó ti ta oníbàárà rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ náà lè parí iṣẹ́ lónìí kí ó sì wó lulẹ̀ lọ́ṣẹ̀ tí ń bọ̀. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ mọ̀ pé mẹ́ta ni àwọn afurasí: àwo, ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ léésà ka àwo, àti RAM, ìyẹn iyè ìgbà díẹ̀ tí fáìlì ń gbà kọjá kí ó tó dé orí háàdì dísìkì. Yóò fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu àwo láti àárín wá sí etí, kò ní nù ún yípoyípo. Yóò gbé e sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yóò pààrọ̀ ẹ̀rọ ìkàwò. Bí ìyẹn náà kò bá tán an, yóò yọ RAM lọ́kọ̀ọ̀kan. RAM ni ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé ohun tí ó ń ṣe jọ ẹ̀ṣẹ̀ síídì láìkù síbì kan: bí wọ́n bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, fáìlì tí ó kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́ yóò wọlé, òmíràn yóò sì kọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé fáìlì kan náà ni ó ń kọ̀ nígbà gbogbo, àwo ni kí wọ́n mú.

Àṣìṣe kan tún wà tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú àbùkù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, XP máa ń ní kí ènìyàn tẹ bọ́tìnì kan bí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí síídì. Lẹ́yìn kíkó fáìlì, ẹ̀rọ yóò pa ara rẹ̀, yóò tún tan ara rẹ̀, yóò sì tún béèrè ohun kan náà. Ọmọṣẹ́ tí ó bá tún tẹ bọ́tìnì náà ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Iná NẸ́PÀ kò ṣe é yọ kúrò nínú ìtàn yìí. Apá kejì iṣẹ́ XP máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkéde pé ó ku ìṣẹ́jú 39, iye ìṣẹ́jú yìí sì gùn ju ohun tí àwọn oníṣẹ́ lè fi ọkàn tán iná sí lọ. Bí iná bá lọ ní apá yìí, ẹ̀rọ sábà máa ń mọ ibi tí ó dé, ṣùgbọ́n bí ó bá lọ nígbà tí fáìlì ṣì ń wọlé, a di àtúnbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni ọlọgbọ́n oníṣẹ́ kì í fi síídì sínú ẹ̀rọ kí ó tó rí epo nínú jẹnẹrétọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 2006 ni ìdíwọ́ kan dé tí ó kó ìdààmú bá àwọn tí ọwọ́ wọn ti mọ́ XP. Háàdì dísìkì tuntun ti ń lo SATA, okùn tínínrín tí ó jáde ní ọdún 2003, síídì XP ti ọdún 2001 kò sì mọ ọ̀nà tuntun tí àwọn láptọ́ọ̀pù ń gbà bá a sọ̀rọ̀. Síídì yóò jí ẹ̀rọ, yóò sì wá kéde pé òun kò rí háàdì dísìkì kankan, tàbí kí ojú ẹ̀rọ di aláwọ̀ búlúù pẹ̀lú nọ́ńbà 7B. Ọ̀nà tí Microsoft là sílẹ̀ ni pé kí ènìyàn tẹ F6 kí ó sì fi dísíkẹ́ẹ̀tì kún un, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tí ìṣòro náà bá kì í ní ihò dísíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Ohun tí ó gba àwọn oníṣẹ́ sílẹ̀ ni yíyí ètò SATA inú BIOS padà sí ti àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní IDE, ìmọ̀ yìí sì tàn láti ẹnu ọ̀gá sí etí ọmọṣẹ́ títí ó fi di ohun tí wọ́n ń kọ́ni kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ tó gba fíríìdọ̀mù.

Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ ọ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìkéde wọ̀nyí. Nígbà tí Microsoft gbé àpò èdè Yorùbá jáde fún Windows 7, orí Windows tí ó ti wọlé tán ní èdè mìíràn ni wọ́n ń tẹ́ ẹ lé; kò sí ohun tí ó lè sọ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dákú lágbedeméjì.

Ó yẹ kí a yin síídì Ubuntu níhìn-ín. Ètò ìdarí ọ̀fẹ́ yìí, tí Mark Shuttleworth ará South Africa dá sílẹ̀, kọ́kọ́ jáde ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2004, títí di ọdún 2011 ni wọ́n sì fi ń fi síídì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè, ibi yòówù kí ó wà láyé. Nínú rẹ̀ ni àyè wà láti yẹ àwo fúnra rẹ̀ wò bóyá ó ní àbùkù, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó sì lè ṣiṣẹ́ láti orí síídì láìfọwọ́ kan háàdì dísìkì, èyí tí ó jẹ́ kí oníṣẹ́ lè kó ìwé àti àwòrán oníbàárà jáde kúrò lórí ẹ̀rọ tí Windows rẹ̀ ti kú, kí ó tó fọ́máàtì rẹ̀.

Fláàṣì, ìyẹn ohun ìkófáìlìpamọ́ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ara ẹ̀rọ, ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ síídì. Ní ọdún 2009 tí Windows 7 jáde lórí DVD, ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ ṣì ní ihò tí kò lè ka ohun tí ó ju síídì lọ. Ọdún yẹn náà ni Microsoft gbé ètò tí ó ń sọ fláàṣì di àwo ìdarí jáde, Rufus, ètò mìíràn tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2011. Àtìlẹ́yìn fún XP dópin ní ọjọ́ 8 Oṣù Kẹrin ọdún 2014. Nígbà náà, àwọn ẹ̀rọ tí ó bá Windows 8 wá ní ọdún 2012 ti ń lo UEFI dípò BIOS, wọ́n sì ń pín háàdì dísìkì ní ìlànà GPT. Fláàṣì tí wọ́n ṣe fún ìlànà àtijọ́ lè jí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí Windows sì wá sọ pé òun kò lè wọ orí háàdì dísìkì tí ó wà níwájú òun. Ẹni tí ó bá kọ́ṣẹ́ lórí síídì kì í kọ́kọ́ sọ pé fláàṣì ti bàjẹ́. Ó máa ń padà sínú ètò ìbẹ̀rẹ̀ láti wo ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà gbà jí.