Ọkọ̀ Ogun Cole ní Èbúté Aden

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí dá lórí ọkọ̀ ogun kan tí í ṣe ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Cole ni orúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní destroyer, èyí tí àwa yóò máa pè ní apanirun. Ohun ìjà rẹ̀ tí ó tóbi jù ni mísáìlì, èyíinì ni ọta ńlá tí ń fi iná ara rẹ̀ fò, tí a sì ń darí lójú ọ̀nà títí yóò fi bá ohun tí a rán an sí. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ iṣẹ́ tí a rán ìránṣẹ́, a kò lè mọ̀ bóyá ó jẹ́ ẹ tàbí kò jẹ́ ẹ. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀ ná.

Ní ọdún 1866, Robert Whitehead, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú Fiume, èyí tí ó wà lábẹ́ ọba Austria nígbà náà, ṣe tọ́pídò jáde. Ohun ìjà yìí a máa wẹ̀ lábẹ́ omi fúnra rẹ̀, bí ó bá sì ti kan ara ọkọ̀, a bú gbàmù. Kí ó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ ogun ńlá tí a fi irin nípọn-nípọn bò kì í bẹ̀rù ohun kan bí kò ṣe ọkọ̀ ńlá bí irú tirẹ̀. Wàyí o, ọkọ̀ kékeré tí kò gbà ju ènìyàn díẹ̀ lọ lè yọ́ wá lóru, kí ó sì ri ọkọ̀ tí odidi orílẹ̀-èdè fi ọdún púpọ̀ àti owó tabua kàn. Àyà àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá já. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì wá nǹkan ṣe sí i: wọ́n kan ọkọ̀ tí ó yára ju àwọn ọkọ̀ kékeré wọ̀nyí lọ, tí ó ní ìbọn tí yóò fi lé wọn. Ní ọdún 1893 ni ilé iṣẹ́ Yarrow ní Lọ́ńdọ̀nù kan Havock fún ìjọba Ọbabìnrin Victoria, ó sì ń sáré tó nǹkan bí máìlì 30 ní wákàtí kan. Apanirun ọkọ̀ tọ́pídò ni a sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n gé orúkọ náà kúrú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: nítorí ọkọ̀ kékeré tí ó gbé ikú wá ni a ṣe dá apanirun sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni a fi lé e lọ́wọ́.

Ogun Àgbáyé méjèèjì fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀. Ó di ọdẹ tí ń dọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi, ó tún di ẹni tí ń ta ọkọ̀ òfuurufú bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní ọdún 1944 àti 1945, àwọn awakọ̀ òfuurufú Jàpáánì a máa fi ara wọn àti ọkọ̀ wọn sọlu ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, a sì rí i pé ìbọn nìkan kò tó mọ́. Nígbà tí ó di 1956, Amẹ́ríkà fi mísáìlì sí inú Gyatt, ó sì di apanirun kìn-ín-ní tí ó gbé irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rẹ́ ní, ọ̀tá náà lè ní in. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, 1967, àwọn ọkọ̀ kékeré Íjíbítì yin mísáìlì láti èbúté Port Said, wọ́n sì ri Eilat, apanirun Ísírẹ́lì. Ènìyàn 47 ni ó bá a lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, 1982, nínú ogun erékùṣù Falkland, mísáìlì kan tí ọkọ̀ òfuurufú Argentina yìn ba Sheffield ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 20 sì kú. Apanirun tí ó gbé mísáìlì ni Sheffield fúnra rẹ̀.

Àwọn Amẹ́ríkà ti ń wá ojú tí yóò ríran jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ ètò náà ní Aegis, orúkọ asà òrìṣà ńlá kan nínú ìtàn àwọn Gíríkì àtijọ́. Ní ọdún 1983 ni ó kọ́kọ́ wọ ojú omi nínú ọkọ̀ Ticonderoga. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1991, ó wọ inú apanirun tuntun kan, Arleigh Burke. Ádímírà Burke, ẹni tí ó darí àwọn apanirun ní erékùṣù Solomon ní 1943, wà láàyè nígbà náà, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ọkọ̀ tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Irú ọkọ̀ yìí gan-an ni Cole. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 505 ẹsẹ̀ bàtà, ó wọn ju 8,000 tọ́ọ̀nù lọ, ẹ̀rọ mẹ́rin tí ó bá ti ọkọ̀ òfuurufú tan ni ó ń tì í, eré rẹ̀ sì ju máìlì 34 lọ ní wákàtí kan. Ojú rédà mẹ́rin ni a kàn mọ́ ara ilé orí rẹ̀. Wọn kì í yí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wo apá tirẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru, wọ́n sì lè máa ṣọ́ ju ohun 100 lọ lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi tí ó jìnnà ju 100 máìlì lọ. Mísáìlì dúró ṣánṣán nínú ihò 90 lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ náà, èyí tí a ó fi pàdé ọkọ̀ òfuurufú lókè, èyí tí a ó rán sí orí ilẹ̀ lọ́nà jíjìn, àti èyí tí ń lépa ọkọ̀ abẹ́ omi.

Síbẹ̀, rírí kì í ṣe mímọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje, 1988, Vincennes, ọkọ̀ ogun tí ó ju apanirun lọ díẹ̀, tí ó sì ní Aegis kan náà, rí ọkọ̀ òfuurufú kan tí ń ti Íránì bọ̀. Wọ́n rò pé ọkọ̀ ogun ni. Èrò ni ó kún inú rẹ̀, 290 ènìyàn, pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, gbogbo wọn sì ṣègbé. Ẹ̀rọ kò ṣàìrí i. Àwọn ènìyàn ni wọ́n ṣì í mọ̀. Kò rọrùn fún wa láti tètè kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ìlú Pascagoula, ní Mississippi, ni a ti kan Cole, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1996. Ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é, Darrell Cole, jẹ́ afunfèrè nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, tí ó bẹ̀bẹ̀ léraléra pé kí a gba fèrè lọ́wọ́ òun, kí a fún òun ní ìbọn. Ní Iwo Jima, ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì, 1945, òun nìkan lọ dojú kọ ibùba àwọn ọ̀tá. Ó padà wá mú bọ́ǹbù ọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì kú níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti ṣẹ́gun.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, ọdún 2000, Cole yà sí èbúté Aden ní Yémẹ́nì láti gba epo. Àwọn ọkọ̀ kékeré ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó di agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú 18 ní òwúrọ̀, ọkọ̀ kékeré kan tí ènìyàn méjì wà nínú rẹ̀ rọra sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ó sì bú gbàmù. Ihò tí ó dá sí i lára fẹ̀ tó 60 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì ga tó 40. Àwọn atukọ̀ ti ń tò láti gba oúnjẹ ọ̀sán. Ènìyàn 17 kú, méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin. Àwọn tí ó fara pa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Ojú mẹ́rin tí ń ríran kọjá 100 máìlì kò wúlò fún ohun tí ó wà lẹ́sẹ̀ ẹni, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn mísáìlì náà tí a lè yìn. Àwọn àgbà wa ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun tí ó tún dun ni jù ni pé ní ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní ọdún kan náà, ní èbúté yìí kan náà, a ti gbìmọ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀ sí apanirun mìíràn, The Sullivans. Ẹrù ikú tí a dì sínú ọkọ̀ kékeré náà pọ̀ jù, ó sì rì kí ó tó débẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn Amẹ́ríkà kò mọ̀.

Bí Cole kò ṣe rì, ọwọ́ ènìyàn ni. Iná mànàmáná kú, omi tí a ti dá dúró tún já wọlé lóru, ẹ̀rọ tí ń fa omi sì kọṣẹ́. Àwọn atukọ̀ náà tò sórí ìlà, wọ́n ń gbé korobá fún ara wọn lọ́wọ́ sí ọwọ́ nínú òkùnkùn, wọ́n sì gé ihò sí ara ọkọ̀ tiwọn fúnra wọn láti rí ọ̀nà tí omi yóò gbà jáde. Ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí wọ́n fi bá òkun jà bẹ́ẹ̀, nígbà tí òkú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mìíràn ṣì wà nínú irin tí ó wó lù wọ́n. Lẹ́yìn èyí, Blue Marlin, ọkọ̀ Norway tí ń rì ara rẹ̀ díẹ̀ láti fi ẹ̀yìn gbé ọkọ̀ mìíràn, pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ní Pascagoula. Ní oṣù Kẹrin, 2002, ó padà sí ẹnu iṣẹ́.

Ọkọ̀ kékeré kò tíì dópin. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, 2024, nínú Òkun Pupa, èyí tí kò jìnnà sí Aden, ọ̀kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ rárá kọlu ọkọ̀ ajé Tutor, ọkọ̀ náà sì rì lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Cole fúnra rẹ̀ wà ní Òkun Mẹditaréníà. Òun àti apanirun Bulkeley yin nǹkan bí mísáìlì 12 sókè láti pàdé àwọn tí Íránì rán sí Ísírẹ́lì. Nínú ọ̀nà tí ó lọ sí yàrá ìjẹun rẹ̀, a fi ìràwọ̀ 17 sí ilẹ̀, ọ̀kan fún olúkúlùkù àwọn tí ó kú ní Aden, ibẹ̀ sì ni àwọn atukọ̀ ń gbà kọjá bí wọ́n bá ń lọ jẹun.