Onígbáméjì: Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nílé kí aláìsàn tó dé ọsibítù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àrùn onígbáméjì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí kọ́lẹ́rà, ṣe rí. Àrùn tí ìtọ́jú rẹ̀ kò le ni, síbẹ̀ ó lè pa géńdé láàárín wákàtí mélòó kan bí kò bá tètè rí ìtọ́jú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àrùn náà tún ti bẹ́ sílẹ̀, Kòṣófẹ́ wà lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin tí Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, dárúkọ. Àwọn yòókù ni Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Erékùṣù Èkó àti Ìkòròdú. Ènìyàn 60 ni wọ́n ti gbà sí ọsibítù nígbà náà, 5 nínú wọn sì ti kú. Ohun tí kọmíṣọ́nnà sọ nípa àwọn 5 yìí ló yẹ kó ká wa lára jù: wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé ọsibítù, omi ara wọn sì ti gbẹ kọjá ààlà.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ yìí kan Àgbóyì gan-an. Odò Ògùn ló yí ìlú náà ká, ọkọ̀ ojú omi sì ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń wọ̀ bọ̀ sí Kétu láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá kọlu ènìyàn lóru, tí kò sí ọlọ́kọ̀ ní èbúté, inú ilé ni ìtọ́jú ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé ìmọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń tọ́jú àrùn yìí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí ló ń fà á?

Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Vibrio cholerae ló ń fa onígbáméjì. Kì í ṣe èpè, kì í sì ṣe àfọwọ́fà ọ̀tá. Kòkòrò yìí a máa bá ìgbẹ́ ẹni tó ní àrùn náà jáde. Bí ìgbẹ́ náà bá kan omi tàbí oúnjẹ, tí ẹlòmíràn sì gbé e mì, àrùn ti wọlé nìyẹn. Ó lè fara hàn láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kó o kì í ṣàìsàn rárá, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ wọn lè kó o ran aládùúgbò wọn fún ọjọ́ kan sí mẹ́wàá.

Kòkòrò náà tún lè máa gbé níbi tí omi odò àti omi òkun bá ti pàdé, a sì máa lẹ̀ mọ́ edé àti akàn. Odò Ògùn ń ṣàn bọ̀ láti agbègbè Ṣakí, ó gba Abẹ́òkúta kọjá kó tó wọ inú ọ̀sà Èkó. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi dáàmù Ọ̀yàn sílẹ̀, bí irú èyí tó lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú kúrò nílé ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omíyalé lè gbá ohun tó wà nínú ṣáláńgá lọ sínú kànga. Láti ìparí ọdún 1970 ni àrùn yìí ti ń dààmú Nàìjíríà. Ní ọdún 1991 nìkan, ó pa ènìyàn tó lé ní 7,000.

Kí ló ń ṣe lára?

Kòkòrò náà ń tú oró sínú ìfun kékeré. Oró yìí ló ń mú kí ìfun máa da omi àti iyọ̀ ara jáde. Ìgbẹ́ náà a máa rí bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, èébì a sì máa bá a rìn. Àgbàlagbà tí àrùn náà bá wọ̀ lára gan-an lè pàdánù omi tó tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Omi tó ń lọ yìí ló ń pa ènìyàn, nítorí náà, dídá omi padà ni olórí ìtọ́jú.

Omi, iyọ̀ àti ṣúgà

Ní ọdún 1971, nígbà ogun òmìnira Bangladesh, àrùn yìí ń pa àwọn tí ogun lé dé ibùdó kan ní Bangaon, ní Íńdíà. Omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára kò tó mọ́. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, kí àwọn ẹbí aláìsàn fúnra wọn sì máa fún un mu. Ikú tó ń pa nǹkan bí 30 nínú aláìsàn 100 wálẹ̀ sí ohun tí kò tó 4. Ìdí ni pé ṣúgà ló ń bá iyọ̀ wọ inú ara láti inú ìfun, omi a sì tẹ̀lé wọn.

Oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní ORS, tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ló dára jù. Ẹ wo ara àpò rẹ̀ fún ìwọ̀n omi tí ẹ ó fi pò ó. Bí kò bá sí, ẹ wá omi mímọ́ lítà kan, èyí tó jẹ́ àpò píọ̀ wọ́tà 50cl méjì. Ẹ fi ṣíbí tíì tí orí rẹ̀ tẹ́jú wọn ṣúgà mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí sí i, kí ẹ sì rò ó títí yóò fi yòrò. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n o: iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọdé, ṣúgà àpọ̀jù sì lè mú kí ìgbẹ́ náà pọ̀ sí i. Bí wákàtí 24 bá ti kọjá, ẹ da ìyókù nù.

Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì mu 50 sí 100 mílílítà, kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́wàá mu 100 sí 200, kí àgbàlagbà sì mu bó bá ṣe fẹ́. Bí aláìsàn bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún fún un díẹ̀díẹ̀. Kí ìyá má ṣe dá ọmú dúró. Ẹ yẹra fún oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró. Flagyl pàápàá kì í ṣe oògùn onígbáméjì. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ló mọ ẹni tí oògùn apakòkòrò tọ́ sí.

Ìgbà wo ni kí á sáré?

Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ bí omi ìrẹsì kò gbọ́dọ̀ dúró de àfẹ̀mọ́jú. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí kò tọ̀ mọ́, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tàbí tí kò lè mu omi mọ́, ewu ńlá ti dé. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀: bí kò bá tètè padà sípò, omi ara ti lọ púpọ̀. Ọmọ ìkókó lè máa sunkún láìsí omijé, kí àwùjẹ̀ rẹ̀ sì jìn. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 àti 767. Bí ẹ ti ń gbé e lọ, ẹ má ṣe dẹ́kun fífún un ní omi oníyọ̀ náà, àní nínú ọkọ̀ ojú omi pàápàá.

Bí a ṣe lè dènà rẹ̀

Ẹ se omi mímu títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì bò ó. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá nu ìdí ọmọ, àti kí ẹ tó dáná tàbí jẹun. Ẹ jẹ oúnjẹ ní gbígbóná. Ẹ se ẹja, edé àti akàn jinná. Ẹ má ṣe yàgbẹ́ sódò, ẹ má sì ṣe gbẹ́ ṣáláńgá sí ẹ̀bá kànga. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ fi ibọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá bo ọwọ́. Bí ẹnìkan bá kú, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kí ẹ tó fọwọ́ kan òkú náà, nítorí kòkòrò náà ṣì lè ràn.

Lóòótọ́, iṣẹ́ ìjọba ni láti pèsè omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbẹ́ tó mọ́ fún àwọn àdúgbò etí odò, kò sì yẹ kí aráàlú dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí tí ìyẹn yóò fi dé, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní Àgbóyì ní ṣúgà, iyọ̀, ṣíbí tíì àti omi mímọ́ nípamọ́. Lóru ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá sí, ohun mẹ́rin yìí lè mú kí aláìsàn wà láàyè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.