Láti Fásitì sí Bárékè

Àbúrò mi ọkùnrin gba dìgírì, ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Nígbà tó ní òun fẹ́ gba ọ̀nà Direct Short Service di ọ̀gá ológun, ìyá wa figbe ta: “Ṣé torí kí o lè di ṣọ́jà ni mo ṣe rán ọ níwèé?”

Igbe yẹn ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Láyé òyìnbó, ẹni tó bá rówó rán ọmọ níwèé, iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ lọ́yà tàbí ti dókítà ló ń retí. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀gá ológun. Ọmọ ilẹ̀ tó bá dé ipò náà sábà máa ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ni, bíi Johnson Aguiyi-Ironsi tó wọṣẹ́ ní 1942.

Ní 1957, Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó di ológun. Oxford ló ti kàwé, bàbá rẹ̀ sì wà lára àwọn olówó tó ga jù nílẹ̀ yìí. Bàbá náà kò fẹ́ ẹ rárá.

Bí òmìnira ti ń bọ̀, tí wọ́n ń wá ọmọ ilẹ̀ tí yóò rọ́pò òyìnbó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde mìíràn tẹ̀ lé e. Olúfẹ́mi Olútóyè, Olúwọlé Rótìmí àti Emmanuel Ifeajuna jáde láti Ìbàdàn. Ifeajuna yìí ló gba wúrà nínú ìdíje fífò sókè ní Vancouver ní 1954.

Ọdún mẹ́fà péré ni Ifeajuna lò nínú iṣẹ́ tó fi wà lára àwọn aṣáájú ìfipágbàjọba January 15, 1966, èyí tí wọ́n ti pa Olórí Ìjọba, Tafawa Balewa. Ojukwu, tó ń darí àwọn ọmọ ogun ní Kano, kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ní September 1967, ní Enugu, ìjọba Biafra tí Ojukwu ń darí yìnbọn pa Ifeajuna àti Victor Banjo lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Olútóyè ní tirẹ̀ di Májò Jẹ́nẹ́rà, ó fẹ̀yìn tì, ó sì jọba ní Ìdóàní.

Ìbàdàn kan náà ni Olútóyè àti Ifeajuna ti wá. Dìgírì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kò sọ ohun tí wọn yóò fi ìbọn ṣe.

Lónìí, ọdún márùn-ún ni ọmọ NDA ń lò ní Kaduna kó tó di ọ̀gá. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó ti fásitì wá. Bí a óò bá máa gba àwọn ọ̀dọ́ tí àìríṣẹ́ṣe lé débẹ̀, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kí a fi oṣù díẹ̀ yẹn kọ́ wọn ni pé ará ìlú ló ni ìbọn, ṣọ́jà kàn ń bá wọn mú un dání ni.

Àbúrò mi ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ìbéèrè tí mo ní kí ìyá wa bi í kì í ṣe ti owó oṣù. Kó bi í pé, “Ta ni o fẹ́ ṣiṣẹ́ fún?”