Èéhù Òdòdó Oòrùn

Èéhù òdòdó oòrùn ni ọ̀gbìn kékeré tí ó hù láti inú irúgbìn òdòdó oòrùn, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Helianthus annuus, tí ó sì ṣẹ̀ wá láti Àríwá Amẹ́ríkà. A máa ń gé e fún jíjẹ nígbà tí kò tíì ní ju ewé méjì àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn àwọn ewé tí ó ti wà nínú kóró kí ó tó hù.

Irúgbìn tí a kò po oògùn apakòkòrò mọ́ ni ó yẹ fún gbígbìn nínú ilé. A óò rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí 8 sí 12 kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀, a óò sì tò ó ní fífún mọ́ra sórí ilẹ̀ díẹ̀ nínú abọ́ pẹlẹbẹ tí a lu ihò sí nídìí. A ń gbé nǹkan wúwo lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 3, èyí tí ó ń mú kí gbòǹgbò wọlẹ̀ dáadáa, kí èèpo sì bọ́. Lẹ́yìn náà ni a óò gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, a óò sì máa bomi rin ín láti ìsàlẹ̀ kí ó má baà bu.

Láàárín ọjọ́ 8 sí 12, a lè fi àlùmọ́gàjí gé e lókè ilẹ̀ kí ewé méjì mìíràn tó yọ, nítorí pé àwọn ewé tí ó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ a máa nírun, a sì máa korò. Kì í tún hù lẹ́yìn tí a bá gé e.