Ta Ni Oṣó, Ta Ni Ọ̀gbẹ̀rì?

Oṣó wà nínú ìtàn tí àwọn àgbà Òṣogbo ń sọ nípa orúkọ ìlú wọn. Ọ̀dá omi ló lé Láróoyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n fi wá tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Níbi tí wọ́n ti ń ṣán igbó, igi ńlá kan wó sódò, ni ohùn kan bá ké láti abẹ́ omi pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Oṣó igbó yẹn ni wọ́n ní ó di Òṣogbo. Inú ń bí Ọ̀ṣun lọ́jọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pè wọ́n ní olè, kò sì pè wọ́n ní ìkà. Ó rí àwọn tí igbó kìjikìji kò bà lẹ́rù, ó fún wọn ní orúkọ tó bá ìgboyà wọn mu.

Kí ẹnìkan dán an wò lónìí ní Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo kan náà, kó pe bàbá ẹlòmíì ní oṣó. Ìjà ni yóò dà.

Ohun tó ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ àwọn oṣó ní èdè Yorùbá nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò náà, níbi tí ọgbà àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì títí tó fi yó: agbára burúkú kan jí láti abẹ́ ilẹ̀, ayé fẹ́ parẹ́, àfi kí àwọn oṣó dìde. Ó wá fẹ́ kọ tirẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀. Òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ kò bẹ̀rù mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti fúyẹ́ lẹ́nu wọn. Ti Yorùbá ṣì wúwo. Wọ́n ń gbàdúrà lé e lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń tà á lọ́jà, wọ́n sì ń fi í halẹ̀ nínú fíìmù. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n ọ̀dọ́ yìí rárá. Èyí tó máa mú nínú wọn ni wàhálà.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti bá wàhálà yìí pàdé tipẹ́. Odindi Bíbélì Mímọ́ ní èdè Yorùbá jáde ní 1884, Àjàyí Crowther sì ni òpómúléró iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni àwọn onídán Fáráò ti di alálùpàyídà. Ibẹ̀ náà ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí olùtumọ̀ fi sọ́kàn. Àwọn tó tẹ̀lé ìràwọ̀ dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti Símónì ará Samáríà bá ara wọn tan nínú èdè Gíríìkì, gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi pe iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó mú wúrà wá fún Jésù di amòye, Símónì tó fẹ́ fowó ra Ẹ̀mí Mímọ́ ló di oṣó. Ẹni rere gba orúkọ rere, ẹni burúkú ló gba oṣó. Ti Èṣù, tí wọ́n sọ di Sátánì, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n.

Kí ni kí ọ̀dọ́ Òkè Baálẹ̀ yìí wá ṣe? Babaláwo kọ́ ni yóò lò. Ifá jẹ́ ẹ̀sìn, ó ní ìmọ̀ àti ìlànà tirẹ̀, àwọn tó ń bọ ọ́ sì ń gbé ládùúgbò. Kí èèyàn wá fi babaláwo pe ẹni tó ń ju iná láti ẹnu ọ̀pá, ìwọ̀sí ni. Oníṣègùn ń wo aláìsàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ náà ti tó o. Ó ku oṣó àti olóògùn, àwọn méjèèjì yìí sì ya ara wọn sọ́tọ̀ lọ́nà tó máa wúlò gan-an fún ìtàn. Oṣó ni ẹni tí agbára wà lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti rà á. Olóògùn ni ẹni tó sè é, tó gún un, tó jó o, tó sín in ní gbẹ́rẹ́, tó sì lè sọ iye tó ná lé e lórí. Ìwé tó bá fi àwọn abínibí àti àwọn afowórà sí ọ̀nà méjì, tí wọn kò fọkàn tán ara wọn, ti ní ìjà nínú kó tó di pé ọ̀tá dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká yọ kúrò lọ́nà, ìyẹn idán. Ìran wíwò ni idán. Eégún alárìnjó ló ń pa á: ó wọlé sábẹ́ aṣọ, ó jáde bí ọ̀nì, ó tún wọlé, ó jáde bí erè, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n sọ owó sílẹ̀. Gbogbo òǹwòran ló mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí ẹni tó ń ta egbòogi bá sọ pé oògùn òun jẹ́ ajẹ́bíidán, ìpolówó ọjà ló ń ṣe. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ sínú ìwé pé akọni òun fi idán gba ayé là, àwa òǹkàwé yóò máa retí ìgbà tí wọ́n máa gbé igbá owó yí ká.

Ibi tí èdè náà ti lọ́rọ̀ jù lọ ni orúkọ àwọn oògùn, kò sì sí ibi tí èèyàn ti lè rí i bí orí àtẹ lẹ́kúlẹ́já. Ní Ọjà Ọba Òṣogbo, awọ ẹran gbígbẹ, ọ̀gà tó ti gan, èèpo igi tí wọ́n dì ní ìdì kéékèèké àti ọṣẹ dúdú ló máa ń kún irú àtẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní etí, kó fetí sí orúkọ tí àwọn oníbàárà ń dá. Kánàkò: ó ń ká ọ̀nà kò bí ẹni ká ẹní, kí ìrìn ọjọ́ mẹ́ta di ìrìn wákàtí kan. Ayẹta: ó ń yẹ ọta ìbọn. Òkígbẹ́ wà fún àdá. Ìsọ̀yè ń sọ iyè jí, òun sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kàwé máa ń rántí nígbà ìdánwò. Egbé ń gbé èèyàn kúrò lójú ewu, àféèrí ń pa á mọ́ lójú ọ̀tá, gbètugbètu ń mú kí ẹni tó gbọ́ àṣẹ ṣe bí a ti wí. Àwọn tó kọ ìwé oṣó ní Gẹ̀ẹ́sì lọ yá èdè Látìnì kí oògùn wọn tó ní orúkọ tó dún. Nílé tiwa, iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe ni orúkọ rẹ̀ ń sọ, ìlànà náà kò sì tíì kú. Bí ọ̀dọ́ yìí bá fẹ́ oògùn tó ń já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, kó pè é ní agbọ̀pálọ́wọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gba orúkọ Fátúmbí nídìí Ifá, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ewé Yorùbá ní 1995, àpòpọ̀ 447 ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó fi hàn ni pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú ọfọ̀ rẹ̀ sábà máa ń dún bákan náà: ohun tí ewé ń jẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Ewé kan tiẹ̀ ń jẹ́ àlùpàyídà. Ẹni tó bá fẹ́ yí ọ̀tá rẹ̀ padà di ewúrẹ́ mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ yà.

Ohùn wá ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tó ń lò fún gbogbo ohun tí oṣó ń sọ jáde lẹ́nu. Yorùbá ní ọfọ̀, ó ní ògèdè, tó le ju ọfọ̀ lọ tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pè é, ó ní àyájọ́, tó ń tọ́ka sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀ kó lè tún ṣẹlẹ̀ lónìí, ó sì ní èpè àti ìwúre. Ọmọ iṣẹ́ lè máa pe ọfọ̀ ní orí kìíní. Ògèdè, kó di orí ogún.

Wọ́n ti fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ jagun ní Òṣogbo rí, lójú ayé, lórí ìtàgé. Dúró Ládiípọ̀, ọmọ ìlú náà, kọ eré Ọba Kòso ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 fún ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo, wọ́n sì gbé e dé Berlin ní 1964. Nínú eré náà, àwọn ọ̀gágun Ṣàngó méjì kojú ara wọn: Tìmì ọlọ́fà iná dúró síhìn-ín, Gbọ̀ọ́nkáà dúró sọ́hùn-ún. Kò sí mànàmáná, kò sí èéfín. Gbọ̀ọ́nkáà kàn ń sọ̀rọ̀, ìlù ń gbè é lẹ́sẹ̀, oorun sì ń kun Tìmì díẹ̀díẹ̀ títí apá rẹ̀ fi rọ. Àwọn ará Jámánì tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tó ń wí jókòó, wọ́n ń wò. Kí òǹkọ̀wé tó máa ya ojú ìwé mẹ́ta sọ́tọ̀ fún iná tó ń bú gbàmù kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ yẹn.

Tomi Adeyemi, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà sí Amẹ́ríkà, gba ojú ọ̀nà mìíràn. Ní 2018 ló tẹ Children of Blood and Bone jáde. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìtàn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni àwọn akọni rẹ̀ ń sọ bí wọ́n bá fẹ́ pe agbára jáde. Ìlọrin tirẹ̀ wà lórí omi (kí àwọn ará Ìlọrin má bínú). Àwọn tí kò ní agbára kankan ló pè ní kosidán. Etí Yorùbá gbọ́ ibi tó ti wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì gbọ́ pé ẹni tó wà lókèèrè ló dá a, nítorí ẹni tó wà nílé ti ní ọ̀gbẹ̀rì tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀gbẹ̀rì ni ẹni tí kò ṣawo. Ọ̀rọ̀ tí J. K. Rowling dá fún àwọn èèyàn lásán nínú ìtàn Harry Potter, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, fún olùtumọ̀ rẹ̀ sí Faransé, Jean-François Ménard, níṣẹ́ débi pé ó ní láti dá moldu sílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Tiwa wà nílẹ̀, ó ti gbó, ó sì ní ẹ̀gàn díẹ̀ nínú bí ti Rowling. Ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti yàtọ̀. Àbímọ́ ló ń ya èèyàn lásán sọ́tọ̀ nínú ìwé Rowling. Ọ̀gbẹ̀rì lè múlẹ̀ lọ́la, kó wọ awo, kí ọ̀rọ̀ parí. Olùtumọ̀ tó bá lo ọ̀gbẹ̀rì ti ṣí ilẹ̀kùn kan tí òǹkọ̀wé tì, ó sì yẹ kó mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ó tó bẹ́ẹ̀ kó ṣí i.

Nígbà tí ìwé kọjá láti ọ̀dọ̀ wa lọ sọ́hùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì ló ṣaláìní. D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ ní 1968, ó wá iwin, ó wá ẹbọra, kò rí ohun tó bá wọn mu nínú èdè náà. Ló bá dá ghommid, ló dá dewild. Ìwé yẹn gan-an ni bàbá irú ìtàn tí à ń sọ yìí: ọba rán àwọn ògbójú lọ sí Òkè Lańgbòdó, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀, Kàkó oníkùmọ̀, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀, Àkàrà-oògùn tí ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́ sì ni olórí wọn. Fágúnwà kò wá orúkọ jìnnà. Ó sọ ìwà di orúkọ, ó tẹ̀ síwájú.

Ọ̀nà yẹn ló yẹ kí òǹkọ̀wé tọ̀ lórí orúkọ ọ̀tá tó fẹ́ pa ayé run. Olúwa Òkùnkùn kò dára. Gẹ̀ẹ́sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀, Olúwa sì ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Apayérun dára jù ú lọ. Bí òǹkọ̀wé bá sì fẹ́ ọmọ ogun fún un, àwọn ajogun ń bẹ nínú Ifá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ka mẹ́jọ nínú wọn: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Ta ló tún fẹ́ ọ̀gágun tó burú ju ìyẹn lọ?

Àmì ohùn kò ṣeé fojú fò nídìí iṣẹ́ yìí o. Ogun, ogún, Ògún, oògùn àti òógùn lè bá ara wọn pàdé nínú gbólóhùn kan ṣoṣo bí ìjà bá gbóná. Ẹni tó bá kọ̀ láti fàmì sí i, kó má dá òǹkàwé lẹ́bi bí akọni rẹ̀ bá bu òógùn sínú àdó.

Àwọn ohun kéékèèké ló kù, àwọn ló sì máa ń dá iṣẹ́ dúró. Bí ọ̀dọ́ yìí bá pe ọ̀pá oṣó ní ọ̀pá àṣẹ, ọ̀pá tí wọ́n ń gbé wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló máa wá sí ọkàn ará Òṣogbo. Kó kọ ọ̀pá, kó fi mọ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ oṣó lè ní ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, bí ó ti rí lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì àti télọ̀, kí wọ́n sì ṣe fírídọ̀mù fún ẹni tó bá parí. Dírágónì, kó jẹ́ dírágónì; Bíbélì ti mú wa mọ̀ ọ́n. Ìgbálẹ̀ tí àwọn oṣó òyìnbó ń gùn fò ló le jù. Ìgbálẹ̀ ọwọ̀ tiwa kúrú, kò ṣeé gùn, ẹyẹ ni àjẹ́ tiwa sì ń bá fò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbálẹ̀ ni àmì ẹgbẹ́ òṣèlú APC, ẹni tó bá sì gùn ún kọjá lórí Òkè Baálẹ̀ ní ọdún ìdìbò, ìpolongo ni wọ́n máa pè é.