Oúnjẹ Òru ní Uli

Nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìhà méjèèjì ni ó rò pé kò ní ju ọ̀rọ̀ oṣù díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ògún Lákáayé kì í bá ẹnikẹ́ni dá ọjọ́ tí yóò padà sílé. Nígbà tí ó sì di oṣù karùn-ún ọdún 1968, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Benjamin Adékúnlé, tí wọ́n ń pè ní Àkekèé Dúdú, ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, gba Port Harcourt, tí ilẹ̀ Biafra, tí ó yapa kúrò lára Nàìjíríà, kò sì ní èbúté kankan mọ́ tí ọkọ̀ ojú omi lè gúnlẹ̀ sí, ni ebi, àgbà àrùn, apani-má-yọdà, wá gorí ìtẹ́ láàárín àwọn ogúnléndé. Ẹran àti ẹja tán lọ́jà, iyọ̀ di ohun ìṣúra, àwọn ọmọdé tí kò rí ju ẹ̀gẹ́ jẹ bẹ̀rẹ̀ sí wú lẹ́sẹ̀ àti níkùn, irun orí wọn sì ń pọ́n.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé kò sí ẹni tí yóò fún wọn ní oúnjẹ. Mílíìkì oníyẹ̀fun, iyọ̀, oògùn, àti pánla láti Norway ń gúnlẹ̀ sí São Tomé, erékùṣù tí ó wà lábẹ́ àwọn Potogí, àti sí Fernando Po tí ó wà lábẹ́ àwọn Sípéènì nígbà náà. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ni àwọn àgbà máa ń wí. Ọ̀nà tí oúnjẹ yóò gbà dé ọ̀fun àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò sì ju títì ọlọ́dà kan lọ, apá kan nínú ọ̀nà Owerri sí Ihiala, tí wọ́n fẹ̀ lójú títí ó fi tó bí ẹsẹ̀ bàtà 75, tí wọ́n sì sọ di pápákọ̀ òfurufú Uli.

Òru ni Uli ń jí. Bàálù yóò gbéra ní erékùṣù ní ìrọ̀lẹ́, yóò la òkun kọjá, yóò sì pa gbogbo iná rẹ̀ kí ó tó wọ orí ilẹ̀, nítorí àwọn ìbọn tí ń dúró dè é létí òkun. Bí ó bá sì ti dé òkè Uli, a máa rá bàbà nínú òkùnkùn títí awakọ̀ yóò fi gbọ́ àṣẹ láti ilẹ̀, tí iná ojú títì yóò tàn fún ìwọ̀nba ìgbà tí ó lè fi fẹsẹ̀ kanlẹ̀, tí wọn yóò sì tún pa á. Lókè, bàálù ajubọ́ǹbù ti ìjọba àpapọ̀ ń dọdẹ wọn. Nílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń já ẹrù láìtan iná, àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà ń darí ọkọ̀ akẹ́rù sí ilé ìwòsàn àti àwọn ibi tí wọ́n ti ń bọ́ ọmọ, ohun gbogbo sì gbọ́dọ̀ ti kúrò lójú kí ilẹ̀ tó mọ́. Awakọ̀ tí ó yára lè lọ kí ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóru kan.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Títì yìí kan náà ni ìbọn àti ọta Biafra ń gbà wọlé, àti pé ní ìbẹ̀rẹ̀, inú bàálù Hank Wharton, ará Amẹ́ríkà tí ó ń bá Biafra kó ohun ìjà, ni àwọn ẹlẹ́sìn ti ń háyà àyè fún oúnjẹ. Carl Gustaf von Rosen, ará Sweden tí ó ti wa bàálù fún Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ní Ethiopia nígbà tí Ítálì gbógun lọ síbẹ̀, ni ó kó oúnjẹ wọ Uli lọ́sàn-án gangan ní oṣù kẹjọ ọdún 1968, tí ó ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí igbó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọ Àgùdà àti ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì parapọ̀, tí wọ́n dá Joint Church Aid sílẹ̀ pẹ̀lú bàálù tiwọn. Akíkanjú ni von Rosen, n kò jiyàn; àmọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 1969, òun kan náà ni ó kó àwọn bàálù kéékèèké ajagun wá ja fún Biafra. Ta ni yóò wá bá ìjọba àpapọ̀ wí pé ó ń fura?

Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ní tiwọn kò fẹ́ fò láìgba àyè lọ́wọ́ ìhà méjèèjì, ìwà ọmọlúàbí yìí sì ná wọn ní ohun púpọ̀. Nígbà tí Fernando Po, ibi tí bàálù wọn ti ń gbéra, gba òmìnira, tí ìjọba tuntun ibẹ̀ sì ń dí wọn lọ́wọ́, wọ́n kó lọ sí Kútọnu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún náà, bàálù ajagun ìjọba àpapọ̀ já ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọn lulẹ̀ nítòsí Eket, gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Wọ́n dáwọ́ dúró. Àwọn ìjọ, tí kò gba àyè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀, ń bá iṣẹ́ lọ lóru. Kí ogun tó parí, wọ́n ti fò ju ìgbà 5,000 lọ, ẹrù wọn sì tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù.

Gowon, olórí ìjọba àpapọ̀, ní kí oúnjẹ gba ọ̀nà ilẹ̀, tàbí kí bàálù máa wá lọ́sàn-án lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ojukwu, olórí Biafra, kọ̀, ó ní ọmọ ogun yóò tẹ̀lé oúnjẹ wọlé. Nínú àwọn méjèèjì, n kò rí ẹni tí ó lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ogun sì parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ìjọba Gowon kò jẹ́ kí bàálù ìrànwọ́ kankan tún balẹ̀ sí Uli, bẹ́ẹ̀ ni ó kọ ọrẹ àwọn ìjọ tí ó ti ń fò lóru. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Nàìjíríà ni a gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n sì fi ń kó oúnjẹ lọ, lórí ilẹ̀, lọ́sàn-án.